Chindit ní Bọ́má, 1944: ṣé ọmọ ogun àkànṣe ni wọ́n lóòótọ́, kí sì ni bìrìgéèdì Nàìjíríà ṣe níbẹ̀?

Àrẹ̀mú_Letmauk
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó bá ń gba Mọ́kọ́lá kọjá n'Ìbàdàn mọ báráàkì Letmauk. Èkó ní Dodan àti Arakan, Kàdúná ní Dalet, Zaria ní Chindit. Bọ́má ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti wá, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti bá Jàpáànì jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Chindit ni mo fẹ́ kí a tú wò. Àwọn kan ní ọmọ ogun àkànṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Àwọn mìíràn ní rárá, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kàn fi bàálù gbé lọ sẹ́yìn ọ̀tá ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, láti orí ẹrù dórí oúnjẹ? Kí ni bìrìgéèdì tiwa ṣe? Kí ló sì dé tí àwọn tó kọ nípa wọn fi ń jiyàn títí dòní bóyá èrè wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, oríkì akọni kọ́ ni mò ń wá, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni.

ÌyáÌtàn
Àbúrò, o káre. Orúkọ yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Chinthe ni ẹranko tó dà bíi kìnnìún tí wọ́n máa ń gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn ní Bọ́má. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n lọ́ di Chindit. Orde Wingate, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìgbà méjì ni wọ́n wọ Bọ́má, ìgbà méjèèjì kò sì jọra rárá.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ oṣù kejì 1943. Bìrìgéèdì 77 ló lọ, nǹkan bí 3,000 ènìyàn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọlé, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi jáde. Wọ́n gé ojú irin ní ibi tó ju 70 lọ. Jàpáànì tún un ṣe láìpẹ́. Àwọn 818 kò padà, yálà wọ́n kú, wọ́n kó wọn lẹ́rú tàbí wọ́n sọnù, nínú àwọn 2,182 tó sì padà, nǹkan bí 600 ni kò lè jagun mọ́ láéláé. Bí a bá fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, òfò ni. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà tó ju ojú irin lọ: wọ́n fi hàn pé bàálù lè bọ́ ọmọ ogun nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìsí ọ̀nà ọkọ̀ kankan.

Churchill mú Wingate lọ sí ìpàdé Quebec ní oṣù kẹjọ 1943, Amẹ́ríkà sì fún un ní ẹgbẹ́ bàálù tirẹ̀, 1st Air Commando, lábẹ́ Philip Cochran àti John Alison. Ti 1944 wá di bìrìgéèdì mẹ́fà: 14, 16, 23, 77, 111 àti 3 West African. Nínú ìwé ìjọba, Special Force ni orúkọ wọn, wọ́n sì tún ń pè wọ́n ní 3rd Indian Division láti fi tan ọ̀tá. Nítorí náà ìwé pè wọ́n ní àkànṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n yan ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti SAS, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkànṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bàtálíọ̀nù odidi ni wọ́n mú, tí wọ́n tún kọ́ níṣẹ́ ọ̀tọ̀. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ náà ló jẹ́ àkànṣe.

Ajíbádé77
Mo fọwọ́ sí ohun tí Màmá sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ti column, torí òun ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́.

Bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan pín sí column méjì. Column kan jẹ́ nǹkan bí 400 ènìyàn pẹ̀lú ìbaaka tó tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú wọn ni àwọn oníbọn ráìfù, ìbọn arọ̀jò-ọta Vickers, mọ́tà oní-ínṣì 3, àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù àti fífọ́ afárá, àwọn amí, àti òṣìṣẹ́ RAF (ẹgbẹ́ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì) kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá bàálù sọ̀rọ̀. Bàtálíọ̀nù mẹ́ta ni bìrìgéèdì 3 West African ní, gbogbo wọn Nigeria Regiment: 6, 7 àti 12. Bàtálíọ̀nù 6 di column 66 àti 39. 7 di 29 àti 35. 12 di 12 àti 43. Bí ẹ bá rí "39 Column" nínú ìwé, ẹ má wá bàtálíọ̀nù 39, kò sí i.

Wọ́n ń tò lẹ́yìn ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni kan lẹ́yìn ẹni kejì. Ejò ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe ìlà yẹn. Ó lè gùn tó kìlómítà kan ààbọ̀, ìwé ìránṣẹ́ láti iwájú sẹ́yìn sì máa ń pẹ́. Bí ẹni iwájú bá dúró ìṣẹ́jú kan láti gé ọparun, ẹni ẹ̀yìn á dúró títí, lẹ́yìn náà á wá máa sáré láti lé wọn bá. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń rẹ àwọn tó wà lẹ́yìn ju àwọn iwájú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iwájú ló ń gé igbó. Àdá wà lára ohun tí wọ́n ń fún ọmọ ogun West Africa, kò sì sí ẹni tí ó ní láti kọ́ wọn bí a ṣe ń lò ó. Wàhálà ọparun ni ariwo: ó máa ń dún bí ìbọn tí wọ́n bá gé e ní gbígbẹ.

Ẹrù: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún, ẹrù ẹ̀yìn ọkùnrin kan máa ń tó kìlógíráàmù 32. Ìbaaka kan ń gbé nǹkan bíi 72. Kí wọ́n tó gbéra, àwọn oníṣègùn ẹran ti gé okùn ohùn àwọn ìbaaka yẹn kí wọ́n má bàa ké lóru. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Odò ló ń ya ẹni tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀. Ìbaaka máa ń wẹ̀ dé àárín odò, á wá yí padà sí etí odò tó ti kúrò, gbogbo ìyókù á sì tẹ̀lé e. Bí ọ̀kan bá yí padà, wákàtí mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré fa èyí tó jẹ́ aṣáájú wọn kọjá, kí ìyókù rí i lódìkejì. Ẹrù wọn a gba orí ọparun tí wọ́n so pọ̀, tàbí kí wọ́n fi aṣọ òjò dì í bí ìdì kí ó léfòó.

BàbáWáyà
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹsẹ̀ kọ́ ló gbé Chindit, rédíò ni. Column tí rédíò rẹ̀ bá kú, ó dití, ó yadi, ebi á sì tún pa á.

Bí ìpèsè láti òfuurufú ṣe ń lọ nìyí. Olùdarí column á kọ iye ohun tó fẹ́ àti ibi tó fẹ́ kí wọ́n já a sí, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí ẹ̀yìn ní Sylhet, ní Íńdíà ìgbà náà. Láti Sylhet àti Agartala ni Dakota, bàálù akẹ́rù, ti ń gbéra. Column á wá pápá: oko ìrẹsì gbígbẹ ló dára jù. Lálẹ́, wọ́n á dá iná sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìrísí lẹ́tà L, kí awakọ̀ mọ ìhà tí á gbà wọlé, wọ́n á sì fi tọ́ọ̀ṣì tan lẹ́tà tí wọ́n ti fẹnu kò sí fún ọjọ́ yẹn. Oúnjẹ, ọta ìbọn àti oògùn ń fi páráṣúùtì sọ̀kalẹ̀. Oúnjẹ ìbaaka ní tiẹ̀ kì í ní páráṣúùtì, bí àpò ṣe wà ni wọ́n ń jù ú sílẹ̀. Àpò ọkà tó já bọ́ láti inú bàálù lè pa ènìyàn, ó sì ti pa ènìyàn. Òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ pápá títí bàálù yóò fi parí.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́:
Bí àfonífojì bá há jù, ìhà kan ṣoṣo ni bàálù lè gbà wọlé, bó bá sì ti kọjá díẹ̀, orí òkè ni ẹrù máa bọ́ sí. Wọ́n á fi odidi ọjọ́ kan gun igi.
Kùrukùru òwúrọ̀ ń bo pápá mọ́lẹ̀. Awakọ̀ á dún lókè, wọ́n á gbọ́ ọ, kò ní rí wọn, á padà sílé pẹ̀lú oúnjẹ wọn.
Bátìrì rédíò nílò ẹ̀rọ tí ń fi epo bẹntiróòlù gba á lágbára, ẹ̀rọ náà sì ń pariwo. Ìbaaka mélòó kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Bí èyí tó gbé rédíò bá yọ̀ bọ́ sí kòtò, kò sí ohun tí ìgboyà lè ṣe sí i.

Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ṣírò oúnjẹ sí. Bí bàálù bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n á fi ṣe ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ.

Àrẹ̀mú_Letmauk
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Glider ńkọ́? Mo gbọ́ pé púpọ̀ wọn kò débẹ̀.

Ajíbádé77
Òótọ́ ni. Alẹ́ 5 oṣù kẹta 1944, láti pápá Lalaghat ní Assam. Glider jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, bàálù mìíràn ló ń fi okùn fà á. Pápá méjì ni wọ́n ti yàn láàárín igbó, wọ́n pe ọ̀kan ní Piccadilly, èkejì Broadway. Kí wọ́n tó gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàálù kan mú fọ́tò dé: ìtì igi gẹdú kún Piccadilly. Wọ́n rò pé ọ̀tá ti mọ̀ wọ́n. Àṣé àwọn agégẹdú ló kó igi wọn síbẹ̀ kí ó gbẹ. Wọ́n kó gbogbo ènìyàn lọ sí Broadway.

Àṣìṣe tó tóbi ni ti okùn. Dakota kan ń fa glider méjì, glider náà sì ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n tún ní láti gun orí òkè gíga kọjá. Okùn náílọ́ọ̀nù ń já lókè. Àwọn míì bọ́ sí ilẹ̀ Íńdíà, àwọn míì bọ́ sí àárín ọ̀tá. Nínú àwọn tó lé ní 60 tí wọ́n rán, kò pé 40 tó dé Broadway. Àwọn tó dé tún bá kòtò tí koríko ti bò, ipa ibi tí wọ́n ti ń wọ́ gẹdú. Àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ já níbẹ̀, ó di ojú kan, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì rọ́ lù ú, torí glider kò lè yí padà gun òkè lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan bí 30 ló kú.

Michael Calvert, olórí bìrìgéèdì 77, ránṣẹ́ "Soya Link". Orúkọ oúnjẹ kan tí àwọn ọmọ ogun kórìíra ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ó ka àwọn tó yè, ó wá ránṣẹ́ "Pork Sausage": ẹ máa bọ̀. Katakátá kékeré kan tó bá glider dé ni wọ́n fi tẹ́ pápá. Ní alẹ́ kejì, Dakota tó lé ní 60 ló balẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 9,000 ènìyàn àti ẹran tó lé ní 1,300 ti wà lẹ́yìn ọ̀tá. Láti ìgbà náà, glider kan fún bàálù kan ni wọ́n ń fà.

ÌyáÌtàn
Ibi tí bìrìgéèdì wa ti wọlé nìyí. Wingate sọ pé column nìkan kò tó, ó fẹ́ bùdó olódi: ibi tí bàálù lè balẹ̀ sí, tí àwọn tó fara gbọgbẹ́ lè gbà jáde, tí ó sì máa tan ọ̀tá wá kọlu odi. Àfiwé tí ó lò yóò yé ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá: ègùn tí ọdẹ gùn sórí igi, tí ó so ọmọ ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ de ẹkùn. Odi ni ègùn. Òfin rẹ̀ ni pé kí odi wà níbi tí ọkọ̀ ogun onírin àti ìbọn ńlá ọ̀tá kò ti lè dé, kí omi wà nínú rẹ̀, kí pápá bàálù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nínú ètò àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ṣíṣọ́ odi. Pápá Aberdeen, ní àfonífojì odò Meza, ni wọ́n balẹ̀ sí, láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin. Wingate fúnra rẹ̀ ti kú ní 24 oṣù kẹta, B-25 tó wọ̀ já lulẹ̀ ní Manipur. Ọ̀gágun Lentaigne ló gba ipò rẹ̀.

Odi tí orúkọ Nàìjíríà so mọ́ jù ni White City, lẹ́bàá Mawlu. Calvert ti fi í jókòó sórí ojú irin àti ọ̀nà tó lọ sí Myitkyina láti àárín oṣù kẹta. Páráṣúùtì tó so rọ̀ sórí igi káàkiri ló fún un lórúkọ. Ọ̀nà yẹn ni Division 18 ti Jàpáànì fi ń gba oúnjẹ àti ọta láti bá Stilwell, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, àti àwọn ọmọ ogun Ṣáínà jà lápá àríwá. Ní oṣù kẹrin, láti nǹkan bí ọjọ́ 6 dé 17, Jàpáànì ń kọlu odi náà ní alaalẹ́. Ọmọ ogun bàtálíọ̀nù 6 àti 12 wà nínú odi. Bàtálíọ̀nù 7 wà lóde pẹ̀lú Calvert, ó ń kọlu ẹ̀yìn àwọn tó ń kọlu odi. Ohun tí wọ́n fi ṣọ́ odi náà ni wáyà ẹlẹ́gùn-ún ní ìpele púpọ̀, ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọ́n ti wọn ibi tí yóò máa yìn sí kí ilẹ̀ tó ṣú, mọ́tà, àti ìbọn ńlá 25-pounder tí Dakota gbé wọlé. Jàpáànì ń gba ojú kan náà wá ní wákàtí kan náà. Òórùn òkú tó há sínú wáyà wá di ìṣòro ju ọta lọ, wọ́n ní láti ní kí bàálù máa já kẹ́míkà sílẹ̀ láti fi pa eṣinṣin.

Wọn kò gba White City lọ́wọ́ wọn. Alẹ́ 9 sí 10 oṣù karùn-ún ni wọ́n kó jáde fúnra wọn, wọ́n sì fi bàálù gbé ìbọn ńlá lọ.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀
Ẹ ṣé mà. Isaac Fadóyèbọ̀ tó jẹ́ ọmọ Èmùré-Ilé wa náà wà lára Chindit yìí nìyẹn.

ÌyáÌtàn
Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa méjèèjì pọ̀. Fadóyèbọ̀ wà pẹ̀lú 81st West African Division ní Arakan, ìwọ̀-oòrùn Bọ́má, nínú ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, 29th Casualty Clearing Station. Wọ́n kọlù wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará abúlé sì fi òun àti ẹnì kan láti Sierra Leone pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ogun ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tó ń da ènìyàn rú ni pé láti inú 81st Division ni wọ́n ti yọ bìrìgéèdì 3 fún Wingate. Àmì 81st ni aláǹtakùn dúdú nínú òbìrí aláwọ̀ ìyeyè, Anansi inú àlọ́ àwọn Akan. Àmì 82nd ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká, ẹ gbọ́. Nítorí pé orí ni àwọn aláàárù division yẹn fi ń ru ẹrù níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Letmauk àti Dodan tí Àrẹ̀mú dárúkọ, ogun àwọn division méjì yìí ni; báráàkì Zaria nìkan ló jẹ́ ti Chindit nínú àwọn tó kà.

Táíwò_Nọ́ọ̀sì
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ti oúnjẹ, torí òun àti àìsàn ló lé Chindit kúrò ní Bọ́má ju Jàpáànì lọ.

K-ration ni, ti Amẹ́ríkà: páálí kékeré mẹ́ta lóòjọ́, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Agolo ẹran, ẹyin tàbí wàràkàṣì, bísíkíìtì, ṣúgà, kọfí tàbí ìyẹ̀fun ọsàn wẹ́wẹ́, ṣingọ́ọ̀mù, sìgá. Páálí inú ni wọ́n fi ìda kùn, tí wọ́n bá dáná sun ún, ó tó fi sè ife kọfí kan láìsí èéfín púpọ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ lóòjọ́ kò tó kálórì 3,000, fún ọkùnrin tó ń ru kìlógíráàmù 32 gun òkè. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n jẹ fún oṣù mẹ́rin. Ara ń jẹ ara ni. Ọgbẹ́ kékeré kò jiná mọ́, eṣúṣú á fa ẹ̀jẹ̀, ojú ibẹ̀ á di egbò.

Oògùn ibà ni mepacrine, hóró kan lóòjọ́, ó ń sọ àwọ̀ ara di pupa rúsúrúsú. Ó ń dènà ibà bí ènìyàn bá ń lò ó láìfo ọjọ́ kan. Àwọn column tí olórí wọn ń dúró wo bí wọ́n ṣe ń gbé e mì ló rí àǹfààní rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún oníkálùkù, ibà pa wọ́n bolẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀rìn wà nínú omi. Òmíràn tí kò sí oògùn fún nígbà náà ni typhus inú koríko, kòkòrò wẹ́wẹ́ ló ń gbé e. Ìtọ́jú nìkan, kí ó sì má rìn, ló lè gba ẹni tó ní i là, báwo wá ni ẹni tó wà nínú column ṣe máa dẹ́kun rírìn?

Nígbà tí wọ́n yẹ bìrìgéèdì 111 wò ní oṣù keje, nínú nǹkan bí 2,200 ènìyàn, 118 ni dókítà sọ pé ara wọn le tó iṣẹ́. Wingate ti sọ ọ́ kí ó tó kú pé 90 ọjọ́ ni kí ẹnikẹ́ni lò mọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n kó wọn jáde. Bìrìgéèdì Nàìjíríà kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun rere kan: ní 1943, ẹni tí kò bá lè rìn, igbó ni wọ́n fi í sí. Ní 1944, bàálù kékeré L-1 àti L-5 ń balẹ̀ sórí pápá tí kò gùn, wọ́n ń gbé wọn lọ. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún yẹn ni helikópítà Sikorsky kan, tí Carter Harman wà, kọ́kọ́ gba àwọn tó fara gbọgbẹ́ sílẹ̀ lójú ogun.

BàbáWáyà
Táíwò, má gbàgbé Sunderland. Nígbà tí òjò ti sọ gbogbo pápá di ẹrẹ̀, tí L-5 kò lè balẹ̀ mọ́, bàálù olómi Sunderland méjì ló wá ń balẹ̀ sórí adágún Indawgyi ní oṣù kẹfà. Àwọn ọmọ ogun pè wọ́n ní Gert àti Daisy. Wọ́n ń gbé aláìsàn lọ sí odò Brahmaputra. Èrò ta ni, èmi kò mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló gba àwọn tó lé ní 400 là.

Àrẹ̀mú_Letmauk
Ó yé mi. Bí White City bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀?

Ajíbádé77
Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jà. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo Chindit sún sí àríwá láti ran Stilwell lọ́wọ́. Bìrìgéèdì 111, tí John Masters ń darí, lọ dá odi tuntun sílẹ̀ ní Blackpool lẹ́bàá Hopin ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ẹ rántí òfin odi tí Màmá kọ sókè. Blackpool súnmọ́ ojú ogun Jàpáànì jù, ìbọn ńlá wọn ń dé ibẹ̀, ìbọn tí wọ́n fi ń yin bàálù náà tún dé. Òjò bẹ̀rẹ̀, pápá di ẹrẹ̀. Bìrìgéèdì 14 àti 3 West African ni ó yẹ kí wọ́n máa kọlu ẹ̀yìn ọ̀tá lóde odi, bí bàtálíọ̀nù 7 ti ṣe ní White City. Òjò àti odò tó kún kò jẹ́ kí wọ́n tètè dé. Ègùn wà, ewúrẹ́ wà, ọdẹ ni kò sí lórí igi.

25 oṣù karùn-ún ni odi já. Wọ́n jáde láàárín òjò pẹ̀lú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Àwọn mọ́kàndínlógún tí kò sí ìrètí fún, tí a kò sì lè gbé, àwọn ẹgbẹ́ wọn ló yìnbọn pa wọ́n kí ọ̀tá má bàa bá wọn láàyè. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

ÌyáÌtàn
Òtítọ́ ni o sọ, àmọ́ má fi gbogbo ẹ̀bi lé òjò lórí. Gbogbo ẹni tó gbé Bọ́má mọ ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Láti 17 oṣù karùn-ún, abẹ́ Stilwell ni wọ́n fi Chindit sí, ó sì ń lò wọ́n bí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lásán: ẹ lọ gba ìlú yìí, ẹ gba òkè yẹn. Chindit kò ní ìbọn ńlá tó ń bá wọn rìn. Ohun tí wọ́n ní ni mọ́tà àti bàálù, bàálù kò sì lè fò nínú òjò. Calvert gba Mogaung ní ìparí oṣù kẹfà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà, ṣùgbọ́n bìrìgéèdì rẹ̀ parun níbẹ̀.

Ti àwọn Nàìjíríà ni Hill 60, lẹ́bàá Sahmaw, ní oṣù keje. Òkè tí ọ̀tá ti gbẹ́ kòtò sí, tí wọ́n fi ìtì igi bò lórí. Ìbọn ráìfù àti bọ́ǹbù ọwọ́ kì í fọ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀, mọ́tà oní-ínṣì 3 pàápàá kì í fọ́ ọ. Àfi ìbọn ńlá tó ń yìn tààrà. Wọ́n gun un, wọn kò rí i gbà. Nígbà tí 36th Division sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ńlá ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Ẹni tó bá fi Hill 60 sọ pé ọmọ Nàìjíríà kò lè jà, kò mọ ohun tí wọ́n fún wọn láti fi jà. Ọmọ ogun tí wọ́n kọ́ láti máa lúgọ, láti máa gé ọ̀nà, láti máa ṣọ́ odi, wọ́n sọ ọ́ di òòlù. Ní oṣù kẹjọ ni wọ́n kó àwọn tó kù jáde, wọ́n sì tú Special Force ká ní oṣù kejì 1945.

Ajíbádé77
Lórí ìyẹn mo juwọ́ sílẹ̀, mà. Fún ẹni tó ń béèrè bóyá àkànṣe ni wọ́n: Calvert yìí kan náà ló wá darí bìrìgéèdì SAS ní 1945, òun ló sì dá Malayan Scouts sílẹ̀ ní Malaya ní 1950, èyí tó di 22 SAS ní 1952. Odò SAS kò ṣàn láti aṣálẹ̀ Líbíà nìkan. Gbígbé nínú igbó fún ọ̀sẹ̀ pípẹ́, gbígba oúnjẹ láti òfuurufú, bíbá ará abúlé rẹ́: Bọ́má ni ìyẹn ti wá.

Àrẹ̀mú_Letmauk
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹyìn: bí ènìyàn bá fẹ́ wá orúkọ àwọn tó kú nínú bìrìgéèdì 3, níbo ni á ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌtàn
Níbi àkọsílẹ̀ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Má fi "Chindit" wá a, kò ní jáde. Fi "Nigeria Regiment, R.W.A.F.F." (Royal West African Frontier Force) wá a, kí o wá yan àárín oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ 1944, kí o tún wo nọ́ńbà bàtálíọ̀nù: 6, 7, 12. Nọ́ńbà ọmọ ogun Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Púpọ̀ wọn kò ní sàréè, torí náà Rangoon Memorial ni o máa rí, ní itẹ́ òkú Taukkyan, níbi tí orúkọ tó súnmọ́ 27,000 wà lára òpó.

Ṣọ́ra fún orúkọ. Akọ̀wé ológun máa ń kọ orúkọ ẹni, á sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé. Bí o bá ń wá ọmọ Ìlọrin, tẹ "Ilorin" níbi tí wọ́n ti ní kí o tẹ orúkọ bàbá. Tẹ "Illorin" náà pẹ̀lú l méjì. Hausa ni èdè tí wọ́n ń fi pàṣẹ nínú Nigeria Regiment, torí náà Yorùbá mùsùlùmí lè wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Hausa: Lawani lè di Lawal, Bùràímọ̀ lè di Ibrahim.